Tábìlì Irin Tí Ọ̀gá Mi Fi Sílẹ̀

  Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti kọ̀wé sí yín gbẹ̀yìn, kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu mi o. Irin ni mo ń fọ̀. Tábìlì irin kan wà ní gáréèjì ilé mi ní Sàǹgó-Ọ̀tà (kì í ṣe gáréèjì èrò ni mo wí, yàrá tí a kọ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilé fún ọkọ̀ ni), ìpẹtà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á mọ́ mi lọ́wọ́. Ohun tí ojú mi rí lórí rẹ̀ ni mo fẹ́ ròyìn lónìí, nítorí ó dá mi lójú pé kò sí ilé tí kò ní irin kan tí onílé kò fẹ́ kí ó bàjẹ́, ìbáà ṣe àdá, ìbáà ṣe ẹ̀rọ ìránṣọ tí ìyá fi sílẹ̀ fún ọmọ.

Kí ẹni tí kò mọ àdúgbò wa lè bá mi lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa rẹ̀. Ọdún 1989 ni wọ́n dá ìjọba ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà sílẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Àwọn Àwórì ni onílẹ̀. Ọlọ́tà wà ní Ọ̀tà, Olófin sì wà ní Adó-Odò. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ ti ya wọ Ọ̀tà, Sàǹgó àti Agbárá, kò sí ẹ̀yà tí kò sí láàárín wa mọ́. Bí o bá dúró lẹ́bàá títì tí ó ti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta, ariwo irin ni etí rẹ yóò máa gbọ́ láti òwúrọ̀ di alẹ́. Àwọn kan ń ra irin àlòkù, àwọn kan ń yọ́ ọ, àwọn kan ń fi í ṣe géètì àti táńkì. Jórin-jórin ni ará àdúgbò ń pe àwa tí a ń fi iná so irin mọ́ irin. Ẹlòmíràn a sì máa pè wá ní wẹ́dà.

Ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan tí ó jẹ́ ọmọ Àwórì ni mo ti kọ́ṣẹ́, láti ọdún 1986 títí di 1990 tí mo gba fìrídọ̀ọ̀mù. Ahéré onípáànù ni ṣọ́ọ̀bù wọn lẹ́bàá títì, kò ní ògiri, ẹ̀fúùfù ń ti ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fẹ́ wọ ibẹ̀. Láàárín ahéré náà ni tábìlì yìí dúró sí. Irin pẹlẹbẹ kan ni ojú rẹ̀, gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 4, ìbú rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 3, ó sì nípọn tó mìlímítà 10. Ojú rẹ̀ nìkan, láìka ẹsẹ̀, yóò tó kílò 85. Géètì tí a ṣe lórí rẹ̀ kò níye.

Ọ̀gá kò ka ìwé púpọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ìwọ̀n. Nígbà tí wọ́n rí i pé àwa ọmọ iṣẹ́ ń ṣi téèpù kà, tí a sì ń fi irin ṣòfò, wọ́n mú irin ẹlẹ́nu mímú kan àti òòlù, wọ́n sì gé àmì sí etí tábìlì náà láti ìkángun kan dé èkejì, ínǹṣì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àmì tirẹ̀, àmì 48 lápapọ̀. Àmì kejìlá-kejìlá gùn ju àwọn yòókù lọ. Orí àmì yẹn ni gbogbo wa ti kọ́ ìwọ̀n. Ọ̀gá a ní kí a di ojú, kí a fi ìka ka á, kí a sọ ibi tí ìka wa dé.

Ọdún 2011 ni ọ̀gá papò dà. Kò sí èyí tí ó ṣe iṣẹ́ irin nínú àwọn ọmọ wọn. Àwọn tí ń ra irin àlòkù ti wá wo tábìlì náà, wọ́n ti fi ojú wọ̀n ọ́n, kí àkọ́bí ọ̀gá tó rántí mi, tí ó sì pè mí. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá gbé e. Ogún tiyín nìyí.” Ọkùnrin mẹ́fà ni a jọ gbé e sínú ọkọ̀. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì kúrò ní ilé-iṣẹ́ tí mo ti ń tún ẹ̀rọ ṣe ní ọdún 2020, orí rẹ̀ ni mo padà sí. Láti ọdún 2021 ni àbígbẹ̀yìn mi obìnrin ti ń kọ́ iṣẹ́ náà lọ́wọ́ mi níbẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ bí mo ṣe fi ọwọ́ ara mi ṣe ara mi. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ara ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kò yá ní Abẹ́òkúta, mo sì ní láti lọ tọ́jú wọn. Ọmọ mi wà ní ilé ẹ̀kọ́ ní àkókò náà. Kí n tó lọ, mo nu tábìlì, mo ta tapólì onínáílọ́ọ̀nù tí ó nípọn bò ó, mo fi okùn dì í yíká bí ẹni di ẹrù ìrìn-àjò, mo sì ti ìlẹ̀kùn gáréèjì pa. Lábẹ́ tábìlì náà ni mo ti àwọn ohun tí n kò fẹ́ kí olè rí sí: bátìrì ògbólógbòó kan, àpò ajílẹ̀ kan, àti ààbọ̀ àpò sìmẹ́ǹtì. Mo rò pé mo ti ṣe tábìlì náà lóore.

Oṣù kẹwàá ni mo padà. Nígbà tí mo tú okùn, tí mo ká tapólì náà sókè, omi ń kán láti abẹ́ rẹ̀. Ojú tábìlì ọ̀gá mi ti pọ́n bí ilẹ̀ ojú ọ̀nà Ìgbẹ́sà. Mo fi ọwọ́ kàn án, ó sì ń ṣí ní ìpele-ìpele bí èèpo igi. Mo wá àwọn àmì etí rẹ̀, n kò rí wọn. Òrùlé mi kò jò. Kò sí ẹ̀kán òjò kan tí ó kàn án láti òkè. Mo jókòó sórí àgá, n kò lè sọ̀rọ̀. Ohun tí ó dùn mí jù ni pé ní ahéré aláìlógiri tí ọ̀gá, nínú òjò àti ọyẹ́, tábìlì yìí dán fún ọdún tí ó lé ní ogún. Nínú ilé onísìmẹ́ǹtì tèmi, lábẹ́ ìbora, oṣù mẹ́rin péré ni ìpẹtà fi jẹ ẹ́.

Ọmọ mi dé ní òpin ọ̀sẹ̀ náà. Ó wò ó, ó ní, “Dádì, ẹ má jẹ́ kí ó dùn yín tó bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi gíráíńdà há a. Wákàtí kan ni.” Òótọ́ ni ó sọ. Wákàtí kan ni. Ṣùgbọ́n gíráíńdà kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ìpẹtà àti àmì. Ohun gbogbo tí ó bá wà lójú irin ni yóò jẹ lọ, yóò sì gbẹ́ kòtò sí ojú tí ó yẹ kí ó tẹ́jú. Tábìlì tí ojú rẹ̀ kò tẹ́jú kò lè ṣe géètì tí yóò gún régé. Mo ní rárá. Ó bi mí pé kí wá ni kí a ṣe. Mo ní kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ń jẹ ẹ́.

Àwọn baba wa mọ ohun yìí dáadáa, èyí ni ó fi ní orúkọ púpọ̀. Àwa ń pè é ní ìpẹtà, a sì máa ń ní irin dípẹtà. Ẹlòmíràn a ní irin dógùn-ún. Àwọn tí wọ́n tú Bíbélì àtijọ́ pè é ní ìpáàrà nínú ìwé Mátíù. Orúkọ yòówù kí a pè é, ohun méjì ni ó ń bí i: omi, àti ọ́síjìn tí ó wà nínú afẹ́fẹ́ tí a ń mí. Bí ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì kò bá sí, irin kì í dípẹtà. Iyọ̀ kì í dá a sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n bí iyọ̀ bá dé ibi tí omi àti afẹ́fẹ́ ti ń ṣiṣẹ́, iṣẹ́ náà a yá kánkán. Òógùn ọwọ́ wa sì ní iyọ̀. Ìdí nìyí tí ènìyàn fi máa ń rí àpẹẹrẹ ọwọ́ rẹ̀ ní àwọ̀ pupa lára irin dídán ní ọjọ́ kejì tí ó fọwọ́ kàn án.

Ẹ tún wò ó síwájú. Ilẹ̀ wa ní Ọ̀tà pupa. Kí ni ó sọ ọ́ di pupa? Irin tí ó ti dara pọ̀ mọ́ ọ́síjìn ni, ẹbí kan náà pẹ̀lú ìpẹtà. Láti inú irú òkúta àti ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa ti ń fi iná èédú yọ irin ní ayé àtijọ́, kí òyìnbó tó kó irin tirẹ̀ dé. Iná ńlá ni ó ya irin kúrò lára ilẹ̀, irin kò sì gbàgbé ilé. Ìgbàkígbà tí ó bá rí omi àti afẹ́fẹ́, ọ̀nà ilé ni ó ń wá. Ìpẹtà kì í ṣe àrùn àjèjì tí ó kọlu irin. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.

Níbo wá ni omi ti dé abẹ́ tapólì mi? Láti inú afẹ́fẹ́ ni, àti láti ilẹ̀. Ní àgbègbè wa, láti oṣù kẹrin títí di oṣù kẹwàá, afẹ́fẹ́ kún fún ọ̀rinrin. Bí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ bá ti kọjá nǹkan bí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún, irin tí kò wọ nǹkan kan ti wọ ewu, bí kò tilẹ̀ sí ẹ̀kán omi lójú rẹ̀; ní òwúrọ̀ àkókò òjò níhìn-ín, ó máa ń ju èyí lọ dáadáa. Irin tí ó nípọn a tún máa pa òtútù òru mọ́. Bí ilẹ̀ bá mọ́, tí afẹ́fẹ́ sì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, ara irin yóò ṣì tutù, omi inú afẹ́fẹ́ náà yóò sì di ìrì lójú rẹ̀. Àwa jórin-jórin a máa ní irin ń làágùn. Ilẹ̀ onísìmẹ́ǹtì pàápàá a máa tú ọ̀rinrin sókè láti abẹ́ rẹ̀. Gbogbo omi wọ̀nyí ni tapólì náà há mọ́. Ìrì òwúrọ̀ kò rí ọ̀nà jáde kí ó tó di ọ̀sán. Ó dúró, ó ń ṣiṣẹ́. Bátìrì tí mo gbé sí abẹ́ rẹ̀ ní ásíìdì nínú, ajílẹ̀ sì jẹ́ ọ̀rẹ́ iyọ̀. Èéfín àti ekuru àwọn méjèèjì ran ìpẹtà lọ́wọ́. Èmi ni mo kó wọn jọ sí yàrá kan, tí mo sì ti ìlẹ̀kùn mọ́ wọn.

Ọjọ́ mẹ́ta ni èmi àti ọmọ mi fi ṣiṣẹ́ náà. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní a fi irin pẹlẹbẹ tí ẹnu rẹ̀ mú há èyí tí ó ti ṣí kúrò, a sì fi búrọ́ọ̀ṣì oníwáyà gbá a. Ní ọjọ́ kejì a da kẹrosíìnì díẹ̀díẹ̀ sí i, a fi sánpépà yí i, èyí tí ó le ṣáájú, èyí tí ó rọ̀ tẹ̀lé e, a ń nu ẹrẹ̀ pupa kúrò pẹ̀lú àkísà. A kò jẹ́ kí iná kankan sún mọ́ ibẹ̀, a sì sá àkísà náà sí ìta gbangba. Etí tábìlì tí àmì wà ni a fi sí ìkẹyìn, nítorí a kò fẹ́ fi agbára mú un. A fún ọsàn wẹ́wẹ́, a rẹ aṣọ sínú oje rẹ̀, a tẹ́ aṣọ náà sí etí irin di òwúrọ̀. Ásíìdì inú ọsàn ń tú ìpẹtà, ó sì rọrùn jù fún irin tí ó ṣì dára. Ní ọjọ́ kẹta a fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ inú àmì kọ̀ọ̀kan, a fi omi mímọ́ ṣan oje náà kúrò pátápátá, nítorí ásíìdì tí a bá gbàgbé lójú irin yóò di ọ̀tá rẹ̀. A nù ún, a sá a sí oòrùn títí ó fi gbóná, a sì fi ọ́ìlì pa á lójú ẹsẹ̀.

Ọmọ mi ka àmì náà. Ó ka 41. Méje ti lọ pátápátá, láti ìkẹtàlélógún títí dé ìkọkàndínlọ́gbọ̀n, ní àárín gbùngbùn, ibi tí bátìrì wà ní abẹ́ rẹ̀. Kòtò wẹ́wẹ́ ni ó kù níbẹ̀ bí ojú ẹni tí ṣọ̀pọ̀ná bá jà.

Ẹnìkan lè bi mí pé kí ló dé tí n kò kun tábìlì náà ní ọ̀dà kí n sì sinmi. Ìbéèrè tó dára ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ àti abẹ́ rẹ̀ ni a lè kùn, a sì ti kùn wọ́n. Ọ̀dà pupa ni a fi ṣáájú, èyí tí gbogbo wẹ́dà mọ̀. Ẹ wo ohun ìyanu: ohun tí ó mú kí ọ̀dà yẹn pupa, irin tí ó ti dara pọ̀ mọ́ ọ́síjìn náà ni. Èyí tí ó ti délé ni a fi ń di ọ̀nà mọ́ èyí tí ó fẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n ojú tábìlì kò ṣe é kùn. Iná tí a fi ń jó irin ní láti gba ara tábìlì kọjá padà sí ẹ̀rọ, okùn ẹ́ẹ̀tì sì ní láti rí irin ní ìhòòhò kí ó lè gbá a mú. Bí ọ̀dà bá wà láàárín, iná kò ní dúró, ọ̀dà yóò jó, èéfín rẹ̀ yóò sì wọ inú wa. Síǹkì tí a fi ń bo páànù kò tún ṣe é lò níbẹ̀. Bí iná bá kan síǹkì, èéfín funfun rẹ̀ ń mú ènìyàn gbọ̀n ní alẹ́ ọjọ́ náà bí ẹni tí ibà kọ lù. Ọ̀pọ̀ jórin-jórin ni ó ti lo oògùn ibà nítorí èéfín síǹkì láìmọ̀.

Ojú tábìlì jórin-jórin ní láti wà ní ìhòòhò kí ó tó lè ṣiṣẹ́. Kò ní aṣọ tí yóò wọ̀ títí láé. Ọwọ́ ẹni tí ó ni ín ni aṣọ rẹ̀, ojoojúmọ́ ni a sì ń wọ̀ ọ́ fún un. Ohun tí à ń ṣe sí i báyìí nìyí:

Bí a bá parí iṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́, a ń gbá èérún irin kúrò, a sì ń fi àkísà gbígbẹ nu òógùn àti ẹfun tí a fi sàmì. Bí a bá fi omi pa irin gbígbóná, a kì í fi omi náà sílẹ̀ lójú tábìlì.

Lẹ́yìn èyí a ó kán ọ́ìlì díẹ̀ sí àkísà mìíràn, a ó fi nu gbogbo ojú rẹ̀, a ó sì tún nu púpọ̀ nínú rẹ̀ kúrò. Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni a fẹ́. Ọ́ìlì tuntun ni o, kì í ṣe kọ̀ńdẹ̀m̀ tí wọ́n dà kúrò nínú ẹ́ńjìnì ọkọ̀. Ìyẹn ti kún fún ìdọ̀tí àti ásíìdì, kò sì dára fún awọ ara ènìyàn. Mo ti gbìyànjú epo pupa rí. Ó ń lẹ̀, ó ń gba ekuru, èèrà sì sọ tábìlì mi di ọjà.

Bí a bá mọ̀ pé a kò ní lò ó fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìda oyin ni a ń fi ra á dípò ọ́ìlì. A ń sá irin náà sí oòrùn kí ó gbóná, a ó fi ìda ra á, a ó sì fi aṣọ yí i títí yóò fi dán.

Kí a tó jó irin, a ń fi àkísà mímọ́ nu ibi tí iná yóò bà àti ibi tí okùn ẹ́ẹ̀tì yóò gbá mú. Ọ́ìlì tí iná bá jó ń rú èéfín, ó sì ń fi ihò wẹ́wẹ́ sínú ojú ibi tí a jó pọ̀.

Ẹsẹ̀ tábìlì dúró lórí pákó, kì í ṣe lórí sìmẹ́ǹtì. Aṣọ òwú ni a fi ń bò ó, tí afẹ́fẹ́ lè gbà kọjá. Bátìrì, ajílẹ̀, iyọ̀ àti ohun ìfọṣọ olóòórùn líle ti kúrò ní yàrá náà. Ní òwúrọ̀ àkókò òjò, ẹni tí ó bá kọ́kọ́ jí yóò lọ fi ọwọ́ wò ó bóyá ó làágùn.

Nígbà tí mo ń kọ àwọn ìlànà yìí fún ọmọ mi ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ibi tí mo ti rí wọn rí. Ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá, ọmọ iṣẹ́ tí ó bá kọ́kọ́ dé ní òwúrọ̀ ni yóò nu tábìlì, èyí tí yóò lọ kẹ́yìn ní alẹ́ ni yóò fi ọ́ìlì pa á. Ẹni tí ó bá gbàgbé, òun ni yóò ru omi fún gbogbo wa ní ọ̀sẹ̀ náà. A máa ń kùn. A rò pé ọ̀gá kàn ń fi ìyà jẹ wá ni, pé iṣẹ́ ẹrú ni. Ọ̀gá kò ṣàlàyé rí. Èmi pàápàá gba fìrídọ̀ọ̀mù, mo lọ, mo sì rò pé mo ti bọ́ lọ́wọ́ àkísà. Mo gba tábìlì ní ogún, n kò gba àkísà tí ó tọ́jú rẹ̀. Oṣù mẹ́rin ni mo fi san gbèsè rẹ̀. Ohun tí a kò bá jìyà fún kì í tọ́jọ́.

Kì í ṣe ní Ọ̀tà nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí ti rí bẹ́ẹ̀. Ilé-ìṣọ́ Eiffel tí ó wà ní Paris, irin ni. Ọdún 1889 ni wọ́n parí rẹ̀. Nǹkan bí ọdún méje-méje ni wọ́n ń kùn ún, ènìyàn ni ó ń fi ọwọ́ kun èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ìdí nìyí tí ó ṣì fi dúró. Òpó irin kan sì wà ní Delhi ní orílẹ̀-èdè Íńdíà, ó ga ju mítà 7 lọ, ó wúwo ju tọ́ọ̀nù 6 lọ, ó sì ti lò ju ọdún 1600 lọ láìjẹ́ pé ìpẹtà jẹ ẹ́ tán. Àwọn onímọ̀ sọ pé fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì inú irin náà ni ó bí awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ó bò ó. Síbẹ̀, ọwọ́ àwọn àlejò tí ń dì mọ́ ọn ń ba awọ náà jẹ́, ni wọ́n fi ṣe ọgbà yí i ká ní ọdún 1997. Nílé wa níhìn-ín, ẹni tí ó bá dé ààfin Ọọ̀ni ní Ilé-Ifẹ̀ yóò gbọ́ nípa Ògún Ládìn, irin ńlá kan tí ó rí róbótó bí omi tí ó fẹ́ kán, tí ìtàn so mọ́ alágbẹ̀dẹ Odùduwà. Ọ̀rúndún mélòó kan ti kọjá lórí rẹ̀, àwọn ènìyàn kò sì yé padà lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Èmi kò fi òpó Delhi wé tábìlì mi, bẹ́ẹ̀ ni n kò fi irin Ifẹ̀ wé e. Ohun tí mo rí ni pé irin tí ó pẹ́, ènìyàn kan ni kò kọ̀ ọ́ sílẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan lẹ́yìn tí a parí, ọmọ mi dúró níwájú àmì méje tí ó ti nù. Ó ní, “Dádì, bí mo bá lọ sílé ọkọ ńkọ́? Bí ẹ̀yin náà kò bá sí ńkọ́?” Ó dùn mí, ṣùgbọ́n ìbéèrè tó tọ́ ni. N kò dá a lóhùn pẹ̀lú ẹnu. Mo mú irin ẹlẹ́nu mímú àti òòlù fún un, mo ní kí ó gé méje náà padà. Ó fi téèpù wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ó tó lu èyí àkọ́kọ́. Tirẹ̀ kò jìn tó ti ọ̀gá, ìkẹrìndínlọ́gbọ̀n sì wọ́ díẹ̀. Bí ẹ bá di ojú, tí ẹ fi ìka kà á, ẹ ó mọ ibi tí ọwọ́ kan ti dúró tí ọwọ́ kejì ti bẹ̀rẹ̀. N kò ní kí ó tún un ṣe.

Títí di òní, àkísà méjì ni ó ń gbé sí etí tábìlì náà, gbígbẹ kan, olóìlì kan. Bí mo bá gbàgbé ní alẹ́, òun ni yóò pè mí padà láti yàrá: “Dádì, ẹ kò tíì nu tábìlì o.” Ọmọ iṣẹ́ ọ̀gá ni mo tún dà.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ lọ wo irin ilé yín kí òjò tó dé. Ẹ wo àdá tí ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ẹ wo ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹ wo inú àpótí tí ẹ ti pa ohun àwọn àgbà mọ́. Ẹ má fi ìbora dípò ìbẹ̀wò. Díẹ̀díẹ̀ leku ń jawọ, díẹ̀díẹ̀ náà ni ọwọ́ fi ń tún un ṣe.